Ọjọ́ Tí Mo Dé Tẹ́ńpìlì Ìlú Àwọn Mínà

Láàárọ̀ àná ni mo ṣí àpótí aṣọ mi ní ilé wa ní Ọ̀bà-Ilé, kí n lè sá àwọn ìró tó ti pẹ́ nínú rẹ̀ sóòrùn, ni òórùn kánfọ̀ bá gbá mi nímú. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, mo mọ̀ pé aáyán ni kánfọ̀ máa ń mú yín rántí. Ní tèmi, ilé ìdáná kan ní Oǹdó ló máa ń mú mi lọ, lẹ́yìn náà á mú mi dé ilé ìsìn olókùúta kan ní gúúsù Íńdíà. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Mínà ló so àwọn ibi méjèèjì pọ̀.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, àwọn olùkọ́ láti Íńdíà pọ̀ ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama wa. Ìṣirò ni bàbá Mínà ń kọ́ni. Ó tínrín, ó ń gun kẹ̀kẹ́ kiri Oǹdó, kò sì sí ọmọ ilé-ìwé tí kì í sá pamọ́ bó bá gbọ́ agogo kẹ̀kẹ́ náà. Ilé tó kángun sí tiwa ni wọ́n háyà. Oǹdó ni wọ́n bí Mínà sí, kò mọ ìlú mìíràn rárá. Irun rẹ̀ gùn dé ìdí, ṣùgbọ́n ulí ló ń pe ilé bí ọmọ Oǹdó gidi, bó bá sì ń fi èdè Oǹdó bá ènìyàn jà, àwọn àgbàlagbà á dúró kí wọ́n lè gbọ́ ọ dáadáa. Èmi àti ẹ̀ la jọ ń pọn omi, òun ni mo sì kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń lá kókó tútù nígbà tí bàbá mi mú wa lọ sí oko ní Bọ́lọ́rundúró. Ó fi omi kókó ba aṣọ jẹ́, a sì jọ gba ìbáwí náà ni.

Ohun kan ṣoṣo ni a kò jọ ṣe: màmá mi ò jẹ́ kí n jẹun nílé wọn. Màmá mi, ọmọ bíbí Àkúrẹ́ tó fẹ́ ará Oǹdó, kò fi ọ̀rọ̀ ìjọ Áńgílíkà rẹ̀ ṣeré, ó sì ti gbọ́ pé òrìṣà wà ní ilé ìdáná ìyá Mínà. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, ìyá Mínà á tan kánfọ̀ díẹ̀ níwájú àwòrán kan, òórùn rẹ̀ á sì fò dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Àwọn ará àdúgbò tí kò gbọ́ nípa òrìṣà ti pinnu ní tiwọn pé aáyán ló ń yọ obìnrin náà lẹ́nu. Ìtàn aáyán yìí ló wá wọ màmá mi lára ju ti òrìṣà lọ, nítorí kì í rí aládùúgbò nínú ìṣòro kó má dá sí i. Ó ra kánfọ̀ oníkóro funfun tí a fi ń lé aáyán lọ́jà, ó wé e sínú bébà, ó sì fà mí lọ́wọ́ ká jọ lọ.

Mínà ló jáde pàdé wa. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ màmá mi, ó sì fi ọwọ́ náà kan orí ara rẹ̀. Màmá mi, tó ti lejú láti ilé, tú ojú náà ká lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìyá Mínà gba kánfọ̀ náà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó wo ọkọ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ sì yára bojú wo ìta kí ẹ̀rín má baà pa á. Ìyá Mínà dúpẹ́ gan-an. Lẹ́yìn náà ó mú màmá mi dé igun ilé ìdáná, ó fi àwòrán obìnrin aláṣọ àwọ̀ ewé kan hàn án, ó ní tẹ́ńpìlì rẹ̀ ló wà láàárín ìlú àwọn, pé ibẹ̀ ni wọ́n ti so ìyá òun àti bàbá òun pọ̀ ní tọkọtaya.

Màmá mi dúró nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà wa. "Ulé ẹ̀ mọ́," ló wá sọ, "ọmọ ẹ̀ sì mọ àgbà. Jẹ ohun tí wọ́n bá fún ọ. Ìwọ ṣáà má kúnlẹ̀ fún àwòrán yẹn." Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá ń sọ̀rọ̀ aáyán ládùúgbò, òun ló ń dá wọn lóhùn pé ìyá Mínà ń gbàdúrà ni.

Nígbà tó yá, iṣẹ́ bàbá Mínà parí, wọ́n sì ní kí wọ́n máa padà sí Íńdíà. Ọjọ́ tí Mínà wá dágbére, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, ó ń sunkún. Màmá mi ní kó má sunkún mọ́, pé ṣebí ilé ló ń lọ.

"Ilé wo, Màmá?" ni Mínà wí. "Ta ló mọ̀ mí níbẹ̀? Wọ́n á máa fi mí rẹ́rìn-ín."

Màmá mi fi etí ìró rẹ̀ nu ojú fún un. Wọ́n lọ, a kọ̀wé síra wa fún ìgbà díẹ̀, ìwé náà sì dáwọ́ dúró bí ti àwọn ọmọdé ṣe máa ń dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà ò fi mí sílẹ̀. Mo di olùkọ́, mo ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, kò sì sí ìgbà tí ọmọ tuntun tí ohùn rẹ̀ yàtọ̀ wọ kíláàsì mi tí n kì í bi ara mi pé ta ló gba Mínà tọwọ́tẹsẹ̀ níbi tó lọ.

Ojú bàbá àwọn ọmọ mi ló gbé mi dé ìlú náà nígbẹ̀yìn. Ojú ọ̀hún ń ṣú sí i, àwọn ọmọ wa sì sọ pé ilé ìwòsàn ojú tó dára wà ní Madurai, ní gúúsù Íńdíà. Mo mọ orúkọ ìlú yẹn láti inú lẹ́tà tí Mínà ń kọ sí mi. Ìlú ìyá Mínà ni. Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere, a dúpẹ́. Nígbà tó ku díẹ̀ ká padà wálé, mo ní mo fẹ́ lọ wo tẹ́ńpìlì. Alàgbà ìjọ ni ọkọ mi. Ó ní ojú tí Ọlọ́run ṣẹ̀ṣẹ̀ là fún òun, òun kò ní í fi wo òrìṣà. Mo ní kó dúró síbi tí a wọ̀ sí. Ó ronú díẹ̀, ó ní òun á ṣáà bá mi gbé báàgì.

Ilé ńlá rèé o! Ilé ìṣọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ga débi pé gèlè mi jábọ́ bí mo ṣe ń wo òkè, ère aláràbarà sì kún un láti ìsàlẹ̀ dé ṣóńṣó. A bọ́ bàtà níta. Oòrùn ti mú òkúta ilẹ̀ gbóná, àwa arúgbó méjì sì ń ta pọ́n-ún-pọ́n-ún títí a fi dé ibòji. Nínú lọ́hùn-ún, òpó olókùúta tí wọ́n gbẹ́ lọ bẹẹrẹ, ilẹ̀ tutù, òórùn kánfọ̀ sì gba gbogbo afẹ́fẹ́. Omi sún sí mi lójú. Ọkọ mi ò rí i, nítorí ohun mìíràn ti gba ojú tuntun rẹ̀: àwọn ọkùnrin ń nà gbalaja sílẹ̀, àwọn obìnrin ń kúnlẹ̀.

"Ìyá Ọlá," ó pariwo, "dídọ̀bálẹ̀ ni wọ́n ń dọ̀bálẹ̀! Ta ló kọ́ wọn?"

Mo ní bóyá àwọn ló kọ́ wa. Ó tún báàgì gbé, ó sì ń tẹ̀ lé mi lọ.

Ní ẹnu ọ̀nà ibi mímọ́ jù lọ, ẹ̀ṣọ́ kan rọra sọ fún wa pé àwọn ẹlẹ́sìn wọn nìkan ló ń wọ ibẹ̀. Kò dùn mí. Màmá mi ti fàlà tèmi sílẹ̀ tipẹ́: kí n jẹun, kí n má kúnlẹ̀. A padà sẹ́bàá adágún omi tó wà láàárín àgbàlá, a ń wá ibi tí a ó jókòó sí. Ìyá àgbà kan àti àwọn ará ilé rẹ̀ wà nílẹ̀ níbẹ̀. Ó wò wá, ó sún kúrò, ó sì fọwọ́ lu ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ́pẹ́. A jókòó. Ó bu ìrẹsì dídùn sórí ewé, ó gbé e fún mi. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin tó gbọ́ òyìnbó bi mí bóyá mo mọ ẹnikẹ́ni nílùú náà.

Mo ní mo ní ọ̀rẹ́ kan tó ń jẹ́ Mínà. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà ní òun gan-an ń jẹ́ Mínà, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n òun àti ìyá àgbà yìí, torí pé orúkọ ìyá tó ni tẹ́ńpìlì ni wọ́n ń sọ ìdajì àwọn ọmọbìnrin ìlú. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo wá bẹ̀ ẹ́ kó bá mi bi ìyá rẹ̀ àgbà ní ìbéèrè kan: bí ọmọbìnrin kan bá ti ọ̀nà jíjìn dé sáàárín wọn láyé àtijọ́, tí kò gbọ́ èdè wọn dáadáa, kí ni wọn ì bá ṣe fún un?

Ìyá náà ò rò ó rárá. Ọmọ náà túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún mi: "Wọ́n á fi í rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, wọ́n á ní kó wá jẹun."

Ọkọ mi ń wò mí bóyá n óò jẹ ìrẹsì náà. Mo jẹ ẹ́ tán.

N kò rí Mínà, n kò sì wá a mọ́. Ọkàn mi ti balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn olùkọ́ ará Íńdíà ti kúrò ní Oǹdó tipẹ́, wọ́n ti wó ilé tí wọ́n gbé, wọ́n fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ọmọ tiwa ló kù tó ń kó ẹrù lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ wọ́n. Ọmọ-ọmọ mi tó wà ní Kánádà pè mí lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní wọ́n fi orúkọ òun rẹ́rìn-ín ní kíláàsì.

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?" ni mo bi í.

Ó ní ọ̀kan nínú wọn fún òun jẹ nínú búrẹ́dì rẹ̀.

"Ó tó," ni mo sọ fún un. "O ti délé."