Dáìsì Tó Lé Mi Kúrò Nílé Ọkọ Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn bí eré lásán ṣe lé mi jáde nínú ilé tí mo ti ń gbé láti ìgbà tí mo ti jẹ́ ìyàwó tuntun. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Èmi náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Zion Pepe nilé ọkọ mi. Orí omi la kọ́ ilé sí, pákó la fi ń rìn láti ilé dé ilé. Nígbà tí ọkọ mi kú, mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú àbúrò rẹ̀, Dádì Ṣọlá, àti ìyàwó rẹ̀. Yàrá kan péré ni tèmi.

Ṣọlá, ọmọ wọn, wà ní yunifásítì. Nígbà tí wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ wọn pa, ó gbé eré kan wálé. Ìtàn ni eré náà. Ṣọlá á máa sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, olúkúlùkù á mú ẹnì kan nínú ìtàn, á sọ ohun tí ẹni náà fẹ́ ṣe, á wá ju dáìsì lúdò láti mọ̀ bóyá ó bọ́ sí i. Bàbá rẹ̀ jẹ́ jagunjagun ojú omi. Ìyá rẹ̀ jẹ́ oníṣòwò. Kúnlé aládùúgbò wa, tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣe, ní olè lòun fẹ́ jẹ́.

Lọ́jọ́ kan, Kúnlé béèrè pé kí ló dé táwọn èèyàn yìí kì í jẹun? Wọ́n ń ra idà, wọ́n ń ra ọkọ̀, kò sẹ́ni tó ń ra kẹrosíìnì! Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ṣọlá ní òótọ́ ni, òun á jẹ́ kó rí bí ilé gidi. Láti ọjọ́ náà, tí oṣù kan bá parí nínú eré, ilé gbọ́dọ̀ san ìnáwó rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó jáde lọ jagun.

Ta ló wá mọ iye tí nǹkan ń ná wa? Èmi ni. Ṣọlá bá mi nídìí ààrò níbi tí mo ti ń yan ẹja. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: omi mímu tí wọ́n ń fi ọkọ̀ gbé wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, epo ẹ́ńjìnnì, púpurú tí à ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe, iyọ̀, igi ìdáná, pákó tuntun nígbà tí omi iyọ̀ bá ti jẹ ti àtijọ́. Mo sọ iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń jẹ. Mo tilẹ̀ fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi kún un, nítorí mi ò fẹ́ kí nǹkan kan ṣẹ́ kù.

Kò bi mí léèrè ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ilé. Èmi náà ò sọ. Ṣé ẹ̀yin ìbá sọ?

Lọ́jọ́ Sunday, lẹ́yìn ìsìn, wọ́n jókòó. Opó kan wà nínú ilé inú eré náà báyìí. Kò sẹ́ni tó mú un. Orí bébà kékeré ló wà: oúnjẹ rẹ̀, oògùn rẹ̀, omi ìwẹ̀ rẹ̀. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mò ń ṣa ẹja.

Dáìsì ò ṣe wọ́n dáadáa. Ìjì fa àwọ̀n wọn ya, owó ò ká ìnáwó mọ́. Ìyàwó Dádì Ṣọlá gbé bébà opó sókè, ó ní, "Eléyìí ń jẹ, kò mú nǹkan kan wá. Ẹ jẹ́ kó máa lọ."

Kúnlé ní, "Níbo ló fẹ́ lọ? Ẹ tì í sómi, kó lọ bá ọkọ ẹ̀!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Dádì Ṣọlá ò wo ọ̀dọ̀ mi. Ó ní, "Kì í ṣe ìkà. Ìṣirò ni." Ó wá ju dáìsì láti mọ̀ bóyá opó náà máa bá wọn jà. Ẹẹ́fà! Ó lọ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Àmọ́ Ṣọlá kì í ṣe màgòmágó. Ó ní ẹja ti pọ̀ lóṣù tó tẹ̀ lé e, ta ló máa yan án? Ìyá rẹ̀ ní oníṣòwò lòun, òun ò lè máa fa èéfín. Ni ẹja bá jẹrà, ni ilé bá wọ gbèsè.

Kúnlé ní kí wọ́n pe opó padà. "Rárá o!" ni ìyàwó yẹn wí. "Òfin yẹn ni kò dáa. Ṣọlá, yọ ọ́. Ẹja kì í bàjẹ́ nínú eré."

Wọ́n yọ ọ́. Ẹja ò bàjẹ́ mọ́. Ilé náà là!

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni Dádì Ṣọlá pè mí. Ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ jókòó." Ó ní nǹkan ti le. Ó ka ìnáwó sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, iye tí mo sọ fún Ṣọlá gẹ́lẹ́, oògùn mi náà ò gbẹ́yìn. Ó ní ọmọbìnrin mi wà ní Òkìtìpupa, kí n lọ sinmi lọ́dọ̀ rẹ̀.

Mo béèrè pé ta ló máa yan ẹja? Ìyàwó rẹ̀ dáhùn láti inú yàrá: "Ìyálé mi, ẹ má da ara yín láàmú. Ẹ kó ẹrù yín."

Ṣọlá ló gbé báàgì mi dé ìdí ọkọ̀. Ó ní, "Bígì Mọ́mì, eré lásán ni mo ṣe o." Mo ní mo mọ̀.

Òkìtìpupa ni mo wà báyìí. Láìpẹ́ yìí, Ṣọlá pè mí. Ẹja ti bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ lóòótọ́, wọ́n sì ti gba obìnrin kan tó ń bá wọn yan án. Inú mi dùn! Mo rò pé wọ́n fẹ́ kí n padà wá ni.

Rárá o. Bàbá rẹ̀ ló ní kó bi mí bóyá owó tí obìnrin náà ń gbà ò ti pọ̀ jù, torí èmi ni mo mọ iye nǹkan.

Mo ní kò pọ̀ jù. Ó ní kí Ọlọ́run bù kún mi, ó sì pa fóònù.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí: nínú eré tàbí nínú ilé, bí wọ́n bá ní kí ẹ ka ohun tí ẹ ń jẹ, ẹ kọ́kọ́ ka iṣẹ́ ọwọ́ yín, kí ẹ sì kà á sókè kí wọ́n gbọ́. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti ṣírò yín báyìí rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, màá kà á.