Òkúta Tí Ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà Mọ̀

Ìyá àgbà ki ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ omi, ó dúró, ó ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ wá ohun kan nísàlẹ̀. Ó wọ́ ẹsẹ̀ náà síwájú díẹ̀, ó tún wọ́ ọ. Nígbà tó bà á, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Òun nìyí." Ìgbà náà ló tó na ọwọ́ kí n gbé agbọ̀n irú fún òun.

Òkúta pẹlẹbẹ kan ló ń wá. Kò tóbi ju àpótí ìjókòó lọ, ìdajì rẹ̀ sì rì sínú iyanrìn. Ibi tó wà yẹn gan-an ni omi orúnkún parí sí. Téèyàn bá gbé ẹsẹ̀ méjì kọjá rẹ̀, ibú ni.

Ìyá tó bí ìyá mi ni. Ilé rẹ̀ ló kẹ́yìn ní abúlé wọn, lápá ọ̀nà Ìrè, kò sí nǹkan kan láàárín òun àti odò ju oko ẹ̀gẹ́ kékeré kan lọ. Ìyá mi wà nílé ọkọ ní Ìlúpéjú, òun ló fi mí ránṣẹ́ pé kí n lọ máa ru omi fún ìyá rẹ̀. Mi ò tíì tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Mo sunkún lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí mo gbàgbé ẹkún, nítorí odò yẹn dùn ún gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ní àárọ̀ ọyẹ́, nígbà tí ètè gbogbo wa bá ti là, omi odò a máa lọ́ wọ́ọ́rọ́, èéfín a sì máa rú lórí rẹ̀ bíi pé ẹnìkan ń dáná sísàlẹ̀. Bí mo bá tún fẹ́ ṣọ̀lẹ láti wẹ̀, ìyá àgbà á ní wọn kì í gbé ẹ̀bá odò kí wọ́n máa fi itọ́ bọ́jú. Iṣẹ́ irú ló ń ṣe. Á se kóró irú láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, lọ́jọ́ kejì á da iyanrìn díẹ̀ mọ́ ọn, á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kí èèpo lè bọ́, lẹ́yìn náà a ó gbé e lọ sódò. Bó bá ti ri agbọ̀n bọ omi tó sì ń mì í, èèpo á léfòó, omi á gbé e lọ, kóró á sì kù nísàlẹ̀. Àwọn ẹja wẹ́wẹ́ á wá jẹ èèpo yẹn, wọ́n á máa ṣán mi lẹ́sẹ̀, èmi á máa fò sókè. Ó máa ń rẹ́rìn-ín mi títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Òórùn irú ò kúrò lára aṣọ mi ní gbogbo ìgbà yẹn. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Èmi nìkan ló mọ̀ pé kò ríran mọ́. Mo rí i lọ́jọ́ tó fẹ́ da kóró tó dáa nù, tó fẹ́ gbé èèpo relé. Mo di agbọ̀n náà mú, mo ní, "Ìyá, èyí kọ́." Ó di ọwọ́ mi mú.

"Má sọ ọ́ létí ẹnikẹ́ni," ó ní. "Bí wọ́n bá gbọ́, wọ́n á mú mi kúrò ní ulé mi. Mi ò fẹ́ kú síbi tí mi ò ti ní gbọ́ omi yìí."

Mo ṣèlérí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ojú rẹ̀. Èmi ni mo ń wò bóyá omi ti mọ́, bóyá èèpo ti tán. Ọ̀nà odò, ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ̀ ọ́n: gbòǹgbò igi, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, iyanrìn, lẹ́yìn náà òkúta. Kò sẹ́ni tó fura.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi máa ń fà, àwa ọmọdé a sì máa dí ẹ̀ka odò kékeré kan, a ó gbọ́n omi inú rẹ̀ dànù, a ó kó ẹja tó bá kù. Lọ́dún yẹn, ibi tí mo dí ń jò. Òkúta ni mo nílò, èyí tó wúwo, tó sì pẹlẹbẹ. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́ pé mi ò mọ òkúta tí mo lọ fà tu. Mo mọ̀ ọ́n. Mo kàn ní màá dá a padà kí ọjọ́ tó rọ̀. Mo yí i gbirigbiri dé ibi tí mo dí, mo kó ẹja mẹ́fà, inú mi dùn, mo gbàgbé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, irú tí ìyá àgbà fẹ́ tà lọ́jà Ìkọ̀lé la gbé dé odò. Ó ki ẹsẹ̀ bọ omi, ó wá òkúta, kò bà á. Mo ṣì wà lẹ́yìn, mo ń ṣa ẹ̀mọ́ kúrò lára aṣọ mi. Ó wọ́ ẹsẹ̀ síwájú, ó tún wọ́ ọ. Nígbà tí mo máa gbójú sókè, gèlè rẹ̀ nìkan ni mo rí lórí omi. Mo figbe ta. Obìnrin kan tó ń fọṣọ lókè odò ló bẹ́ sínú ibú, tó fà á jáde. Gbogbo irú náà bá omi lọ.

Lọ́jọ́ kẹta, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, dé fún Kérésìmesì. Ó gbọ́ lẹ́nu àwọn ará abúlé kó tó wọlé. Ìyá àgbà ní ẹsẹ̀ ló yọ̀ òun. Ọmọ rẹ̀ yíjú sí mi, ó ní kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Mo rò pé wọ́n á bi mí léèrè òkúta.

Mo ní, "Ìyá àgbà ò ríran mọ́. Ó ti pẹ́."

Òótọ́ ni mo sọ. Òótọ́ yẹn ni mo fi bo ẹ̀ṣẹ̀ mi mọ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi sunkún bí ọmọdé, ó ní òun ti pa ìyá òun tì. Ìyá àgbà kò bá mi wí, kò sì kọjú sọ́dọ̀ mi. Lẹ́yìn Kérésìmesì, wọ́n gbé e sínú lọ́rì. Àwọn dókítà Ìbàdàn ní ojú náà ti kọjá àtúnṣe.

Mo lọ kí i nígbà ọlidé. Ẹ̀yìn ilé ni mo ti bá a, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi, ó tẹ́ etí sí i. Ó ti rù. Mo kúnlẹ̀. Ó fọwọ́ pa orí mi, ó ní ẹ̀rọ yìí kàn ń kán ni, kò mọ ọ̀rọ̀ sọ. Lẹ́yìn náà ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ṣé o ti dá a padà?"

"Kí ni, ìyá?"

"Òkúta. Dá a padà o. Ẹlòmíì lè máa fẹsẹ̀ wá a."

Ó ti mọ̀ láti ọjọ́ tó ṣubú. Ó mọ̀ nígbà tí mo ń rojọ́ rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, ó sì jẹ́ kí wọ́n gbé òun lọ, dípò kó ní èmi ni. Mi ò rí ẹkún sun. Ojú tì mí títí inú egungun.

Kò pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà tí wọ́n gbé òkú rẹ̀ wálé. Òjò ń rọ̀, odò kún. Mo sá kúrò níbi ìsìnkú lọ wá òkúta, n kò rí i. Ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé ni mo tó rí i nínú ẹrẹ̀. Mo yí i padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, mo fi iyanrìn dì í.

Ẹ̀rọ omi ti dé abúlé báyìí, kò sẹ́ni tó ń lọ sódò mọ́. Bí mo bá lọ sílé, mo máa ń bọ́ bàtà, mo máa ń ki ẹsẹ̀ bọ omi, títí n ó fi bà á. Nígbà tí mo lọ kẹ́yìn, ẹsẹ̀ ni mo fi mọ gbòǹgbò igi, òun náà ni mo fi mọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, nítorí ojú èmi náà ti ń ṣú. Mi ò tíì sọ fún àwọn ọmọ mi.