Ìka Kẹfà

Mo bí ọmọ mi obìnrin ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, nílé ìwòsàn kan nínú Ẹdẹ níbí. Nọ́ọ̀sì nù ún, ó tú ọwọ́ rẹ̀, ó ka ìka rẹ̀, ó sì tún un kà. "Ẹ kú ewu o, Ìyá Ìkókó," ó ní, "ṣùgbọ́n ìka ọwọ́ òsì ọmọ yìí, mẹ́fà ni." Ìka ọ̀hún ò ju hóró ẹ̀wà lọ, ó so rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọńdinrín bí àlejò tí kò rí ìjókòó. Mo bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tó ti ń rọbí látàná, tó wá sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀, ìka kan ò lè dẹ́rù bà á.

Dókítà ló wá dẹ́rù bà mí. Ó ní, "Ta ló nírú ìka yìí nínú ẹbí yín?"

Ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama, ó sì ti lé lọ́dún mẹ́wàá. Mo ti fi ṣọ́ọ̀kì ya sẹ́ẹ̀lì tó ń pín sí méjì sójú pátákó títí ó fi sú mi. Mo máa ń sọ fún wọn pé sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni gbogbo wa nígbà kan: ó pín sí méjì, méjì di mẹ́rin, títí ó fi di èèyàn tó ń pariwo ní kíláàsì mi. Jíìnì, ìyẹn àṣẹ tí a jogún lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá, ló ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé kó pín, tàbí pé ó tó gẹ́ẹ́. Pé kí tibí di egungun, kí tọ̀hún di awọ. Ọwọ́ ọmọ inú máa ń kọ́kọ́ rí pẹlẹbẹ bí abẹ̀bẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà láàárín á wá gba àṣẹ láti kú, ìka á sì yà sọ́tọ̀. Bí àṣẹ bá ṣìnà díẹ̀, ìka lè lé kan. Ìyẹn ò burú. Ohun tó burú ni pé jíìnì tó ṣiṣẹ́ lára ọwọ́ lè ṣiṣẹ́ lára ọkàn pẹ̀lú. Dókítà ní bó bá wà nínú ẹbí, tí ara àwọn tó ní in sì le, a jẹ́ pé ìka lásán ni, bóyá. Bí kò bá sí lára ẹnikẹ́ni, ó yẹ ká yẹ ọkàn ọmọ náà wò.

Mo pe ìyá mi ní Ìwó. Wọ́n ní kò sí. Mo bi ìyá ọkọ mi. "Ká má rí i!" wọ́n ní. "Ogójì ọdún ni mo ti wà nílé yìí, n ò rírú ẹ̀ rí." Ìka ọkọ mi náà, mẹ́wàá géérégé. Ni dókítà bá kọ ìwé fún wa lọ sí Òṣogbo, níbi tí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ọkàn wà. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n dá fún wa.

Ìmọ̀ ò ṣe mí lóore láwọn ọjọ́ yẹn. Bí ọmọ bá fi ọyàn sílẹ̀ kó sinmi, màá tẹjú mọ́ ètè rẹ̀, bóyá ó ń dúdú bíi ti ọmọ tí ọkàn rẹ̀ kò pé. Ìyá ọkọ mi mú òwú wá, kí wọ́n fi so ìka náà kó lè já kó tó di ọjọ́ ìkómọ. Mo gbaná jẹ. "Màmá, ẹ gbé òwú yín kúrò níwájú mi! Ọkàn ọmọ mi ni mò ń wò, ẹ̀yin ń wo ojú àlejò." Ọ̀rọ̀ ìyàwó ilé kọ́ nìyẹn, mo mọ̀. Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ kẹfà, bàbá ọkọ mi ti oko wọn ní Alájùé dé, pẹ̀lú iṣu. Wọ́n ní kí ló dé tí gbogbo wa fajú ro. Mo rò ó fún wọn látòkè délẹ̀, títí kan ìbéèrè dókítà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n na ọwọ́ òsì sí mi. Àpá róbótó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọńdinrín.

"Èmi ni dókítà ń bèèrè," wọ́n ní. "Mẹ́fà ni tèmi náà. Òwú ni ìyá mi fi já a. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Awo, ọwọ́ méjèèjì ni tiwọn, òwú náà ló já a. Wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún, wọ́n ṣì ń fẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ sóko."

Ìyá ọkọ mi fò dìde. "Àdá lẹ ní ó ṣá yín!"

"Bí mo bá sọ ọ́ nígbà náà, ṣé bàbá ẹ máa fún mi níyàwó?"

"Ogójì ọdún! Àdá tí ò sí níbì kankan!"

Mo rẹ́rìn-ín títí inú fi ń dùn mí. Mo pe dókítà lójú ẹsẹ̀, òun náà rẹ́rìn-ín. Ó ní jíìnì lè gba ara èèyàn kọjá láì fi àmì sílẹ̀, bó ṣe gba ara ọkọ mi kọjá nìyẹn. Ara mi fúyẹ́. Ó ṣì ní ká lọ sí Òṣogbo, kó lè dá wa lójú.

Bàbá ní àwọn á bá wa lọ. Ìta ni wọ́n jókòó sí, lórí bẹ́ǹṣì. Nínú yàrá, dókítà obìnrin kan fi nǹkan tútù kan pa àyà ọmọ mi, ó gbé ẹ̀rọ lé e, mo sì rí ọkàn rẹ̀ lójú àwòrán: yàrá mẹ́rin, tó ń ṣí, tó ń pa dé. Mo ti yà á sójú pátákó láìmọye ìgbà, n ò rí èyí tó ń lù rí. "Ó pé," dókítà náà ní. "Kò sí ihò kankan. Ẹ máa gbé ọmọ yín lọ." Mo sunkún, n kò nu ojú.

Kí n tó débi bẹ́ǹṣì, Bàbá ti dìde. "Kín lọ́n wí?"

"Ọkàn rẹ̀ pé, Bàbá. Kò sóhun tó ṣe é."

Ńṣe ni wọ́n rọra jókòó padà. "Alihamudulilaahi. Látọjọ́ tí mo ti fọwọ́ hàn ẹ́, oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Mo ní bó bá wá jẹ́ pé èmi ni mo kó bá ọmọ yìí ńkọ́?"

Ojú tì mí. Látọjọ́ yẹn ni mo ti ń fi àpá wọn yọ̀, kò sì wá sí mi lọ́kàn pé ẹrù tó kúrò lórí mi, orí wọn ló bọ́ sí. Mo kúnlẹ̀, mo gbé ọmọ lé wọn lọ́wọ́.

"Bàbá," mo ní, "ìka lẹ fún un lóòótọ́. Ọkàn tó pé yẹn náà, ẹ wà lára àwọn tó fún un."