Ìbò Kan Tí Adésànyà Kò Rí Gbà

Títí di òní ni inú ń bí mi sí Adésànyà, àánú rẹ̀ sì ń ṣe mí.

Weston níbí, nílẹ̀ òyìnbó, ni òun àti Jọkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, lókè yàrá wa gan-an, kí wọ́n tó kó lọ sí ìlú kékeré kan lókè Newmarket. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni Adésànyà, èèyàn jẹ́jẹ́. Nọ́ọ̀sì ni Jọkẹ́, ẹni tó mọ àṣírí í bò. Ó lóyún, kò sọ. Wọ́n ra ilé, kò sọ. "Ayé le, Auntie Bùnmi," ló máa ń wí. Èmi nìkan ló máa ń yọ́ sọ fún.

Nígbà tó yá, ìlú náà dá bọ́ọ̀sì ìrọ̀lẹ́ tó ń lọ sí ọsibítù dúró. Ọkọ ló ń gbé mọ́tò wọn lọ síbi iṣẹ́, ni Jọkẹ́ bá ń fẹsẹ̀ rìn lẹ́bàá títì nínú yìnyín. Ọkọ̀ akẹ́rù kan yọ̀, ó gbá a pa. Háà! Ọmọ dáadáa.

Ni Adésànyà bá ní òun máa du ipò méyọ̀, olórí ìlú, kí bọ́ọ̀sì yẹn lè padà. Méyọ̀ tó wà níbẹ̀ ní kò sówó bọ́ọ̀sì. Adésànyà ń lọ láti ilé dé ilé, àwọn òyìnbó ń gbọ́ tirẹ̀. Àwa Yorùbá nìkan ni kò sọ fún! Ó ní Jọkẹ́ ló kọ́ òun pé ohun tí kò tíì bọ́ síni lọ́wọ́, a kì í pariwo rẹ̀, kí ayé má baà bà á jẹ́. Ẹ gbà mí o! Ṣé oyún ni ìdìbò, tí a ó máa fi aṣọ bò ó?

Wọ́n ka ìbò, wọ́n tún un kà. Ìbò kan péré ni méyọ̀ fi borí rẹ̀.

Èmi àti ọkọ mi ní ilé kan tí a fi háyà fún ayálégbé ní ìlú náà. Òfin gbà kí onílé dìbò níbẹ̀, bí kò tilẹ̀ gbébẹ̀. A kò lọ, torí a kò mọ ẹnikẹ́ni tó ń du ipò. Ìbò ọkọ mi ì bá mú wọn dọ́gba, tèmi ì bá gbé e wọlé.

Nígbà tó wá sọ fún mi lẹ́yìn ìdìbò, mo pariwo mọ́ ọn: "Adésànyà, kí ni mo fi ṣe ọ́? Ṣé èmi ni ayé ọ̀hún?"

Ó dorí kodò. "Ẹ má bínú, Auntie. Jọkẹ́ ló máa ń sọ fún yín."

A jọ sunkún ni. Àwọn nọ́ọ̀sì ṣì ń fẹsẹ̀ rìn ní títì yẹn.