Adé Ìmọ́lẹ̀ Tútù ti Ragnhild Tjäder

Ragnhild Tjäder, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, kúrò ní ilé ìwòsàn ní ìlú Uppsala lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá. Aṣọ funfun ni wọ́n fi di ojú ọ̀tún rẹ̀. Ojú òsì ló fi ka káàdì tí àwọn ará ibi iṣẹ́ fi ránṣẹ́: "Kí ara tètè yá o. O tàn gan-an ni lọ́jọ́ náà."

Ọdún méjìlélógún ni ó ti wà nínú yàrá ìṣèwádìí kan tí wọ́n ti ń po àwọn èròjà tí ń tan ìmọ́lẹ̀ láìsí iná. Òun ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ ààbò. Ìlànà tó wà lára ilẹ̀kùn, òun ló kọ ọ́: wọ ìbọ̀wọ́, má jẹun níbí, má yọ awò ojú. Ó ti lé ọ̀jọ̀gbọ́n kan jáde rí nítorí ife kọfí, ọ̀jọ̀gbọ́n náà sì tọrọ àforíjì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kejìlá, tí wọ́n ń ṣe àjọ̀dún ìmọ́lẹ̀ nílẹ̀ wọn, ibi iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló máa ń ní Lusia tirẹ̀, obìnrin aláṣọ funfun tó ru àbẹ́là lórí, tí àwọn akọrin ń tẹ̀ lé. Tẹ́lẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n máa ń yàn. Lọ́dún yìí, Ragnhild ni ìbò mú. Ó ní kò jọ òun lójú. Lọ́jọ́ kejì, ó lọ ṣe irun.

Àmọ́ òfin tí òun fúnra rẹ̀ kọ kò gba àbẹ́là láàyè nínú ilé náà.

"Ká lo iná bátìrì," ni Torkel Brännlund, ọ̀gá ẹ̀ka náà, wí. "Òun ni wọ́n ń lò nílé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi."

"Jẹ́lé-ó-sinmi kẹ̀! Torkel, àwa tí a ń fi ìmọ́lẹ̀ jẹun, àwa la fẹ́ lọ ra bátìrì?"

Ìgbìmọ̀ jókòó lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé kí wọ́n fi ìmọ́lẹ̀ tútù tí wọ́n ń po ṣe adé Lusia dípò àbẹ́là: kì í jóni, nítorí náà kò léwu. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì fi búrẹ́dì dídùn tì í.

Nígbà tí ọjọ́ pé, Ragnhild da omi kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní pẹrọ́ksáìdì mọ́ èròjà yòókù nínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ méje, ó sì dé wọn pinpin kí wọ́n má baà kán sí i láṣọ. Ylva Rosengren, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bá a so adé náà, wò ó lójú.

"Ragnhild, awò ojú rẹ ńkọ́?"

"Ta ló rí Lusia tó wọ awò rí? Ṣé irin ni mo fẹ́ lọ jó?"

"Àná lo ṣì bú mi nítorí tèmi."

"Ṣé ìwọ ni Lusia ni?"

Bí àwọn èròjà yìí bá ti pàdé, bí wọ́n ti ń tànmọ́lẹ̀ ni wọ́n ń tú afẹ́fẹ́ jáde. Ó wà lójú ewé kẹrin ìwé ìlànà Ragnhild: má dé ìgò náà pa. Orin kejì ni wọ́n ń kọ lọ́wọ́ tí ìdérí kan fi ta dànù. Omi aláwọ̀ ewé ṣàn láti iwájú orí wọ ojú rẹ̀. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Wọ́n rò pé ó wà lára eré.

"Omi! Ylva, omi!"

Tábìlì búrẹ́dì ni wọ́n gbé dí ẹ̀rọ omi tí wọ́n fi ń fọ ojú tí kẹ́míkà bá ta sí. Torkel ṣì ń béèrè ẹni tó gbé e síbẹ̀ nígbà tí Ylva ti bi tábìlì náà ṣubú. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko ló fi fọ ojú náà. Dókítà ní bí ojú náà bá là, fífọ̀ yẹn ló là á.

Ìgbìmọ̀ ti ránṣẹ́ sí akọ̀wé wọn pé kó kọ ìròyìn ìjàǹbá náà. Ragnhild fèsì pé bí ojú òun bá tún lè ka àmì wẹ́wẹ́ ara ìgò ìwọ̀n, òun yóò kọ ọ́. Bí kò bá lè kà á, iṣẹ́ òun nínú yàrá náà ti parí, kí Torkel kọ ọ́. Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù yìí, ní agogo mẹ́jọ àárọ̀, ni dókítà yóò tú aṣọ ojú náà.