Kápúsù Abẹ́ Ìrọ̀rí

Òórùn oògùn tí wọ́n fi ń fọ ilẹ̀ ló ń jí wa láràárọ̀ ní wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin, l'Ókìtìpupa, nígbà tí àwọn sójà ṣì ń ṣèjọba. Bí atẹ́gùn bá yí padà, òórùn epo pupa tí wọ́n ń sè lẹ́yìn ọgbà á wọlé, ọkàn mi á sì fò lọ sí oko mi l'Ákotogbo, níbi tí àdá ti yọ̀ lórí ìdì ẹyìn, tó bá mi lójúgun.

Kápúsù méjì ni nọ́ọ̀sì àgbà, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ń kó sí mi lọ́wọ́ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Mo ń gbé ọ̀kan mì, mo sì ń tọ́jú èkejì sábẹ́ ìrọ̀rí. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, àgbà kì í jẹun kó lá abọ́. Ó gbọ́dọ̀ ṣẹ́ díẹ̀ kù fún àwọn ọmọ. Ọmọ mẹ́rin ni mo ní nílé, ta ni ẹ̀gún ọ̀pẹ kì í gún nínú wọn?

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ẹsẹ̀ mi wú bí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó sì ń rùn. Dókítà ní kápúsù náà kò ràn án, abẹ́rẹ́ líle kan ló kù; bí ìyẹn bá kọ̀, wọn yóò gé e. Ẹlẹ́sẹ̀ kan wo ló ń gun ọ̀pẹ?

Màmá ní, "Dókítà, ẹ dákun, ẹ má tíì mú abẹ́rẹ́ yẹn. Ìgò kan péré ló kù." Ó kọjú sí mi. "Ṣé ò ń lo oògùn rẹ pé?"

"Mò ń lò ó, Màmá."

"Gbogbo ẹ̀?"

Awakọ̀ kan, ará ìlú Òde-Ayé, tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, ló fèsì: "Màmá, ẹ gbé ìrọ̀rí ẹ̀ sókè. Ó ti ṣí kẹ́míìsì."

Kápúsù yí jáde wọ̀ọ̀. Mo ní àwọn ọmọ ni mo ń ṣẹ́ ẹ kù fún.

Màmá kò pariwo. "Oúnjẹ là ń ṣẹ́ kù fọ́mọ. Oògùn tí o ń lò lábọ̀ yìí ń na kòkòrò inú egbò náà, kò pa á. Yóò mọ ọwọ́ oògùn náà, kò ní ràn án mọ́. Tó bá wá ran ọmọ ẹ lọ́la, kí lo fẹ́ fún un?"

Láti ọjọ́ náà ló ti ń dúró tì mí: "Ya ẹnu. Gbé ahọ́n sókè." Awakọ̀ á ní, "Ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi!" Wọ́n ń fọ egbò náà lójoojúmọ́, kápúsù sì pé; díẹ̀díẹ̀, ìwú náà fà.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí n lọ sílé ni wọ́n gbé ọmọkùnrin iléèwé kan wọlé, ara rẹ̀ ń jó bí iná, kò mọ ìyá rẹ̀ mọ́. Òun ni Màmá ṣí ìgò abẹ́rẹ́ líle yẹn fún. Nígbà tí mò ń jáde, ọmọ náà ti ń béèrè oúnjẹ, púpurú ẹ̀gẹ́ ló ní òun fẹ́ jẹ. Mo dúró lórí ẹsẹ̀ mi méjèèjì, mò ń wò ó. Èmi tí mo rò pé abẹ́ ìrọ̀rí ni mo ti ń ṣẹ́ nǹkan kù! Ìgò yẹn ni mo ṣẹ́ kù, ọmọ ọlọ́mọ ló sì bá a níbẹ̀.