Ìwọ̀n Ẹrù Tó Wà Ní Ibùdó Réluwé

Òórùn gírísì ló dá mi dúró. Mò ń lọ sílé ní Osi, mo wá yà wo ibùdó réluwé Ọ̀fà tí wọ́n ń tún ṣe. Mẹkáníìkì kan ń fi gírísì pa ìwọ̀n ẹrù àtijọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí mo wà lọ́mọdé, èmi, màámi àti ìyá àgbà kó iṣu wá síbẹ̀. Akọ̀wé ibùdó gbé iṣu kúrò lórí ìwọ̀n yìí, ó sì gbé èmi náà lé e. Irin rẹ̀ gbóná mọ́ mi lẹ́sẹ̀ bí ìkòkò orí iná.

Ìyá àgbà ní, "Abẹ́rẹ́ ìwọ̀n yẹn ni kó o máa wò. Bó o bá gbójú sókè, kò ní dúró o."

Mo sé èémí. Réluwé fọn fèrè, ilẹ̀ mì, abẹ́rẹ́ náà tún mì. Inú bí mi sí réluwé pé ó ń ba iṣẹ́ mi jẹ́. Ìyá àgbà di èjìká mi mú gírígírí.

Nígbà tí abẹ́rẹ́ dúró, mo pariwo: "Màámi, ẹ wá wò ó!"

Ìyá àgbà ní, "Ó lọ ra ẹ̀pà fún ẹ."

Èmi náà ti bímọ kí n tó mọ̀ pé torí kí n má baà rí màámi bó ṣe ń wọ réluwé lọ sí Èkó ni wọ́n ṣe gbé mi lé ìwọ̀n.

"Mọ́mì, ẹ gùn ún wò," ni mẹkáníìkì wí fún mi. "Ó ti ń ṣiṣẹ́."

Mo gùn ún. N ò wo abẹ́rẹ́. Ojú irin tó lọ sí Èkó ni mo tẹjú mọ́.